Orúkọ Tí Ìyàndá Fún Ewé Náà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òru ni ìlú máa ń dá, ẹni náà kò tíì gbé Mowé rí. Ní òpópónà tí Ìyàndá kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta rẹ̀ sí, ọ̀sán ló máa ń dá. Kí ojúmọ́ tó mọ́ gaara, àwọn ọkùnrin ti wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn obìnrin ti fi báàgì kọ́ apá, gbogbo wọn ti forí lé títì márosẹ̀ lọ sí Èkó. Àwọn ọmọ wọn náà á gba ilé ìwé lọ. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, ohun ẹlẹ́mìí tó kù ní òpópónà náà kò ju ewúrẹ́, adìẹ àti Ìyàndá lọ.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Ọmọ Ìkirè ni, ṣùgbọ́n Muṣin ló ti fi ọgbọ̀n ọdún tún fíríìjì ṣe kó tó kó wá sí Mowé. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ó ra òkú fíríìjì kan, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ó tún un tú, títí tó fi mọ ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Jọkẹ́, wà ní Ítálì, níbi tó ti ń tọ́jú ìyá arúgbó kan. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Jọkẹ́ máa ń pè é lórí fóònù. Láàárín ọjọ́ Àìkú kan sí èkejì, ó lè kọjá aago mẹ́ta ọ̀sán kí Ìyàndá tó la ẹnu sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, tó bá sì là á, ohùn rẹ̀ á ha bí ilẹ̀kùn tí kò rí gíríìsì.

Jọkẹ́ ló fi ewé náà ránṣẹ́ lọ́dún 2005. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé ló gbé e wá nínú ike omi tí wọ́n gé lórí: igi tín-ín-rín kan tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ewé rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, òkè rẹ̀ dúdú, abẹ́ rẹ̀ funfun.

"Rósìmẹ́rì lorúkọ ẹ̀, Bàbá mi," ni Jọkẹ́ wí lórí fóònù. "Màmá tí mò ń tọ́jú níbí kì í fi ṣeré. Tó bá ti pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú òróró, ẹ gbé e sí ibi tó móoru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa fi pa orúnkún yín. Tórí bá ń fọ́ yín, ẹ ju ṣóńṣó ẹ̀ mẹ́ta sínú omi gbígbóná, ẹ bo ife náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó mu ún. Àmọ́ ẹ má bomi rin ín jù o. Ó kórìíra omi."

"Ewé wo ló kórìíra omi?"

"Ẹ ṣáà máa wò ó."

Ìyàndá wò ó. Òjò oṣù kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ewé rẹ̀ dúdú láti ìdí wá sókè, nígbà tí Ìyàndá sì hú u, ó rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti rà. Ó gé ẹ̀ka mẹ́rin tó ṣì yè, ó já ewé ìsàlẹ̀ wọn kúrò, ó gún wọn sínú iyanrìn mímọ́ tó ti po èédú díẹ̀ mọ́, ó sì fi ike omi tí a gé nídìí dé wọn lórí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó rọra fa ọ̀kan wò. Kò tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ta gbòǹgbò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ó lè rí ẹnì kan sọ fún. Ewúrẹ́ kan ló wà níbẹ̀.

Ó wá òkú fíríìjì ńlá kan, ó yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé e dùbúlẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, ó lu ẹ̀yìn rẹ̀ ní ihò ogún. Ó kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó da iyanrìn lé e, ó da iyẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ lé ìyẹn. Ó fi ọ̀rá funfun ṣe òrùlé sí i lórí kí òjò má baà bá a, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Àrà ọ̀tọ̀ ni lójú rẹ̀: ohun tí wọ́n ṣe láti máa pa òtútù mọ́, ó wá di ilé ewé tó fẹ́ràn oòrùn. Kí ọdún tó yípo, ewé náà ti ga dé ìbàdí rẹ̀, ó sì ti di ìdí mẹ́rin.

Àràárọ̀ ni ó máa ń ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ náà láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń ṣe é.

"Rósìmẹ́rì, o jíire? Ṣé oorun dára? Jẹ́ n fọwọ́ kàn ẹ́ wò."

Mọ́nsúrù, mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkángun òpópónà, ń kọjá lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

"Bàbá Jọkẹ́! Ìyàwó wa tuntun ńkọ́? Ẹ ní kí Àǹtí Rósìmẹ́rì jáde wá kí wa!"

"Ewé ni, Mọ́nsúrù. Wá wò ó."

Mọ́nsúrù wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń ta sánsán lóòótọ́. Àmọ́ mi ò mu ún o. Tíyàwó mi bá bi mí pé kí ló mú ẹ̀yìn mi fúyẹ́, ṣé kí n ní Rósìmẹ́rì ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ìyàndá fi lọ ẹni tórí ń fọ́, ó fi lọ ẹni tí òtútù mú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ewé tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn kò wọ̀ wọ́n létí.

Ìyàndá rò ó bí ẹni tó ń wá ibi tí gáàsì ti ń yọ. Ó lọ já efinrin lẹ́yìnkùlé, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí ọ̀pá rẹ̀: igun mẹ́rin ló ní. Ó yí ọ̀pá Rósìmẹ́rì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ: igun mẹ́rin. Ó wo òdòdó àwọn méjèèjì: ètè ló ní, òkè ń bo ìsàlẹ̀. Ẹbí ni wọ́n, kò sí àní-àní. Nígbà tí Mọ́nsúrù tún yọ, Ìyàndá ti ní èsì lẹ́nu.

"Efinrin òyìnbó ni," ó ní.

"Efinrin òyìnbó!" Mọ́nsúrù na ọwọ́. "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ fún mi díẹ̀ jàre."

Orúkọ ní í ro ọmọ, ó sì ro ewé. Láàárín oṣù kan, bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi máńgòrò Ìyàndá kì í ṣófo ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gba òróró, ẹni tí imú rẹ̀ dí fi ooru omi rẹ̀ fín imú. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dá àpárá, wọ́n á bú Nẹ́pà. Ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ nìkan nìyẹn.

Ẹni tó wá lọ́sàn-án ni Títílọpẹ́.

Ìyàwó Adébánjí ni, ilé wọn kọjú sí ti Ìyàndá. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé jẹ́léósinmi kan, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kó lọ jókòó sílé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ tinú rẹ̀ jáde láì fi pa mọ́.

"Bàbá, oyún oṣù mẹ́ta ni. Oúnjẹ kì í dúró sí mi nínú. Ọ̀kan ti bàjẹ́ lára mi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù ń bà mí láti máa lo òògùn. Wọ́n ní ẹ ní efinrin òyìnbó."

Ìyàndá já ṣóńṣó mẹ́ta, ó da omi gbígbóná lé e, ó bò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó mu ún tán, ó ní ara tu òun. Ọjọ́ kejì ó tún wá. Títí oyún náà fi wọ oṣù kẹfà, kò sí ọ̀sán tí kì í wá, kódà nígbà tí èébì ti lọ tán. Ìyàndá bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Ó máa ń gbá ìdí máńgòrò kí aago mẹ́wàá tó lù.

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, Bàbá," Títílọpẹ́ ní lọ́jọ́ kan, "tí Adébánjí bá fi máa ti Ìkẹjà dé, oorun ló ń bá a wọlé. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀, á ní 'ẹn, ẹn.' Lánàá mo ní 'Ilé ń jó o.' Ó ní 'Ẹn, ẹn, ó da.'"

Ìyàndá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, òun ló sọ fún un pé fíríìjì kì í ṣe òtútù rárá, pé ooru inú oúnjẹ ló ń fà yọ, tó sì ń gbé dà sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Háà! Ìdí tí ẹ̀yìn ẹ̀ fi máa ń gbóná nìyẹn!" Títílọpẹ́ pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́ fún ohun tí Ìyàndá mọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹwàá, Jọkẹ́ pè. Ìyàndá kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra.

"Ewé rẹ ń ṣe wá lóore níbí o. Ìyàwó Adébánjí tó wà níwájú ilé, òun ló ń mu tí oyún rẹ̀ fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Aláboyún ni, Bàbá?"

"Ó ti wọ oṣù kẹfà."

"Háà. Wọn kì í fún aláboyún o. Màmá ní tí wọ́n bá fi díẹ̀ sínú ọbẹ̀, kò burú, àmọ́ kí wọ́n máa mu ún bí àgbo, rárá. Tó bá pọ̀, ó lè máa fún ilé ọmọ pọ̀. Èmi ni mi ò sọ fún yín, mi ò mọ̀ pé aláboyún kankan máa mu ún."

"Ṣóńṣó mẹ́ta péré ni."

"Ẹ ṣáà sọ fún un, Bàbá mi. Ẹ ní kó fi sílẹ̀."

Ìyàndá ní òun máa sọ. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò díjú. Bó bá sọ fún Títílọpẹ́, Títílọpẹ́ á fi ewé náà sílẹ̀. Bó bá fi ewé náà sílẹ̀, kí ni yóò máa wá ṣe lábẹ́ máńgòrò? Ìyàwó ilé kan kì í ṣàdédé lọ máa jókòó ti bàbá arúgbó lójoojúmọ́ láìní ìdí. Ewé ni ìdí náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ṣóńṣó mẹ́ta kò ju tinú ọbẹ̀ lọ, pé òun á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kò ní í mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Títílọpẹ́ gbé mọ́ínmọ́ín wá nínú abọ́ tó ní ìdérí. Ìyàndá já ṣóńṣó méjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó já ẹyọ kan.

"Bàbá! Ẹ ti ń ṣahun o," Títílọpẹ́ ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ewé ń tán ni."

Títílọpẹ́ bojú wo fíríìjì tó kún fún ewé, ó tún wo Ìyàndá. Ó mu omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn náà tán. Ìyàndá pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé lọ́jọ́bọ̀, òun á sọ ọ́. Ní ọjọ́rú, ó ní láti lọ sí Ifọ̀, níbi tí Ògúnkànmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fíríìjì, ti bá a rí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀, ó gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà lé itan, ó sì ń rántí ọdún tí gáàsì tuntun kọ́kọ́ dé. Gáàsì àtijọ́ àti gáàsì tuntun, méjèèjì ló ń mú nǹkan tutù, méjèèjì ni kò ní àwọ̀, gáàsì náà ni gbogbo èèyàn sì ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n òróró tó ń bá ọ̀kan ṣe kì í bá èkejì ṣe. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, fíríìjì náà á kọ́kọ́ tutù dáadáa, inú oníbàárà á dùn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á gan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Muṣin: ẹ má jẹ́ kí orúkọ tan yín. Ó wo ojú fèrèsé. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní òun kò ní í dúró di ọjọ́bọ̀, bí òun bá ti sọ̀kalẹ̀ ni òun á lọ sọ ọ́.

Aago mẹ́rin ti kọjá kó tó délé. Ó kọ́kọ́ rí fíríìjì náà. Ìdí mẹ́ta nínú mẹ́rin ti di ọ̀pá lásán. Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ ń lé wọn. Ó wo ojú ibi tí wọ́n ti já a: èékánná ló já a, ó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà kàn án nímú láti òdìkejì ọ̀nà, ó le, ó gbóná, bí ẹni ń sè é.

Ìyàndá gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sọ́nà, ó sáré lórí orúnkún tí kò tíì sáré láti ọdún márùn-ún. Ọkọ kò sí nílé, kò sì bá a mu kí ó wọlé bá ìyàwó rẹ̀, ó bá dúró lẹ́nu géètì, ó figbe ta.

"Títílọpẹ́! Títílọpẹ́!"

Kò pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyàwó" ló máa ń pè é. Títílọpẹ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ sà. Kí ló dé?"

"Kí lò ń sè?"

"Efinrin yín ni sà. Ẹ má bínú, mo ti fẹ́ wá sọ fún yín. Inú ló ń run mí láti àárọ̀. Mo pe màmá mi ní Ìsẹ́yìn, wọ́n ní ṣebí mo ní efinrin nítòsí, kí n fún omi ẹ̀ kún abọ́, kí n fi iyọ̀ sí i. Ẹyọ kan tẹ́ ẹ fún mi lánàá kò ṣe nǹkan kan. Mo fún un títí kò lómi, ni mo bá gún un, mo gbé e kaná."

"O ti mu nínú ẹ̀?"

"Ìlàjì ife. Ó korò bí jogbo. Mo ní kí ìyókù tutù."

"Dà á nù. Lọ dà á nù báyìí. Kì í ṣe efinrin."

"Ẹ̀yin lẹ pè é bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ máa fi ṣe gbogbo ohun tí à ń fi efinrin ṣe. Aláboyún kì í mu ún. Tó bá pọ̀, ó lè fún ilé ọmọ pọ̀. Jọkẹ́ ló sọ fún mi."

Ṣíbí náà dúró lójú kan lọ́wọ́ Títílọpẹ́. "Ìgbà wo ni wọ́n sọ fún yín?"

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu Ìyàndá. Bó bá ní "lónìí ni," kò sí ẹni tó máa jà á níyàn láyé yìí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń tún nǹkan ṣe, ó sì mọ̀ pé ibi tó jó gan-an la máa ń fi han oníǹkan.

"Láti ọjọ́ Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè." Ohùn Títílọpẹ́ kò ga. "Mo jókòó ti yín ní Mọ́ńdè. Mo gbé mọ́ínmọ́ín wá fún yín, Bàbá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàndá yí padà, ó ń ké pe Mọ́nsúrù bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀.

Ọkọ̀ oníbàárà kan tí Mọ́nsúrù ń tún ṣe ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfọ̀. Ìyàndá jókòó níwájú, kò lè bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbé Títílọpẹ́ wọlé, ó gbé kinní kan tó dà bí fèrè lé ikùn rẹ̀, ó dẹ etí sí i. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jáde.

"Ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀, ikùn ò sì le. A máa mú un dúró títí di ọ̀la ká lè máa wò ó. Kí ló mu?"

Ìyàndá na ẹ̀ka ewé kan tó ti mú dání sí i. Nọ́ọ̀sì gbóòórùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń tà á?"

"Mi ò tà á."

"Ọ̀fẹ́ lẹ̀ ń fún wọn?" Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kí lẹ wá ń rí níbẹ̀?"

Mọ́nsúrù ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Adébánjí wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì jókòó sí etí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí kò ní í pẹ́. Ìyàndá ti múra sílẹ̀ fún èébú. Èébú ì bá sàn.

"Bàbá, a dúpẹ́ pé ẹ tètè dé lọ́jọ́ yẹn. Títí ti padà sílé, ara ẹ̀ ti balẹ̀. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́. Ohunkóhun."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Ó ní òun ò bínú." Adébánjí dìde, ó gbọn eruku àyà aṣọ rẹ̀. "Àmọ́ ó sunkún. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tóun ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Títílọpẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, níbi tó máa bímọ sí. Ìyàndá wò ó láti ojú fèrèsé bó ti ń wọ ọkọ̀. Nígbà tí ọdún tuntun ti wọlé dáadáa, Mọ́nsúrù ló wá sọ fún un pé obìnrin ni ọmọ náà, Olúwadárasími ni wọ́n sọ ọ́, Adébánjí sì ti rí ilé mìíràn gbà sí Arepo, kó lè sún mọ́ ibi iṣẹ́. Ìyàndá ní, "Ẹ kú oríire," fún Mọ́nsúrù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún.

Ewé náà tún rú. Ó tilẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ kò ṣeé rẹ́. Ìyàndá ní Rósìmẹ́rì ni, àwọn èèyàn ní efinrin òyìnbó. Ó ní kì í ṣe efinrin, wọ́n ní àwọn mọ̀, ti òyìnbó ni. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká orúkọ mọ́, ó mú òfin kan lò: obìnrin kankan kò ní í gba ewé náà lọ́wọ́ òun láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ bi í bóyá ó lóyún.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé a kì í béèrè ìyẹn ní ilẹ̀ wa. Ojú la fi ń wo oyún, ẹnu kì í dá a sọ, títí Ọlọ́run á fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Obìnrin kan bi í pé ta ló rán an sínú ikùn òun. Òmíràn pòṣé, ó ká ìborùn rẹ̀, ó lọ. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ sì wá bá Ìyàndá jà lẹ́nu géètì. Àwọn ọkùnrin náà gbọ́ pé Bàbá Jọkẹ́ ti ń ya wèrè díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ǹṣì ṣófo, kódà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìyàndá kò yí òfin náà padà.

Ó di ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù kan, nígbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Káńpù fún àdúrà òru máa ń gba gbogbo títì. Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ya wọ òpópónà náà, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ igi, ó wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó ní Folúkẹ́ lorúkọ òun, pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe ibẹ̀ fún òun. Orí ló ń fọ́ ọ láti àárọ̀, kò sì fẹ́ gbé e dé ibi àdúrà.

"Efinrin òyìnbó ni wọ́n pè é, sà."

"Rósìmẹ́rì ni," Ìyàndá ní. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màdáámú. Ṣé ẹ lóyún?"

Obìnrin náà wò ó. "Kí lẹ wí sà?"

"Mo ní ṣé ẹ lóyún. Mi ò lè fún obìnrin ní ewé yìí láì béèrè."

Ìyàndá ń retí òṣé. Dípò bẹ́ẹ̀, obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti délé ọkọ," ó ní. "Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti wọlé, ikùn mi ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ wò. Ìyá ọkọ mi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn. Ó máa ń bí mi nínú. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí ẹnikẹ́ni ò wò ó mọ́. Ojú mi nìkan ni wọ́n ń wò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ rò pé ó ṣì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyàndá dúró de èsì rẹ̀.

"Rárá, Bàbá," obìnrin náà ní. "Mi ò tíì lóyún."

Ìyàndá lọ já ṣóńṣó mẹ́ta. Ó da omi gbígbóná lé e, ó fi àwo bo ife náà, ó jókòó sí ìkángun kejì bẹ́ǹṣì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàndá bi í bóyá ọ̀nà dí, obìnrin náà ní ó ti ń dí. Ó béèrè ìdí tí fíríìjì fi dùbúlẹ̀, Ìyàndá sì sọ ọ́ fún un láti orí ihò ogún títí dé òrùlé ọ̀rá, obìnrin náà sì gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ló mu ún, díẹ̀díẹ̀, ó pa ojú dé, ó ń fa ooru rẹ̀ símú.

Ó ní kí òun tètè máa lọ kí títì tó dí pátápátá. Ìyàndá sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Obìnrin náà dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sọ pé òun yóò padà wá, Ìyàndá náà kò sì bi í.